Wọ́n Bo Ojú Aránbàtà

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ara mi le. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì ní bá ẹsẹ̀ jà mọ́ ní ọjọ́ orí tí mo dé yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí o. Mo so bírò mọ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú okùn awọ tí mo fi ń so irin tí mo fi ń lu bàtà, torí náà bí ìlà rẹ̀ bá wọ́, fojú fò ó. Fóònù olójú dígí tó o fi ránṣẹ́ dára lóòótọ́, àmọ́ kò dá ìka mi mọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ títí, á kàn máa wò mí ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń fi í gbọ́ orin.

Àwọn onífíìmù tí ẹgbẹ́ yín rán dé. Obìnrin kan àti ọkùnrin méjì ni, láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba. Kí n má parọ́, inú wa dùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó gbogbo àwa tí a ní àrùn ẹ̀tẹ̀ sínú àgọ́ yìí, ẹni tó bá gbé kámẹ́rà wá, ọ̀rọ̀ àánú ló máa ń bá wá. Àrùn ti fi wá sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, aráyé ni kò tíì fi wá sílẹ̀. Àmọ́ àwọn wọ̀nyí jókòó, wọ́n ní ká sọ iṣẹ́ wa. Ìyá Oníbùrẹ́dì yá ìborùn tuntun lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Àgbà. Èmi náà lọ fá irùngbọ̀n.

Mo mú wọn wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́, bí ìṣó bá gún un, olúwa rẹ̀ á kàn máa rìn lọ ni, àfi bó bá rí ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìṣó kankan nínú bàtà mi. Gọ́ọ̀mù àti okùn ni. Táyà ọkọ̀ nísàlẹ̀, fóòmù rírọ̀ lókè. Mo wá sọ ohun tí o mọ̀ pé ó ń jẹ mí lọ́kàn: pé àwọn ará ìlú náà ń wọ bàtà yìí, wọ́n ń yìn ín pé kì í bó àwọn lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń bá mi tà á ló ń gba ìyìn. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Bàtà. Ọ̀gá Bàtà tí kò lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́! Àdéhùn tó bá mi ṣe ni pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ń rán an.

Ó ti sú mi. Mo wojú kámẹ́rà, mo sọ ọ́. Ìlú ń wọ bàtà mi, ìlú ò mọ ojú mi, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí kí n tó kú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ̀wé sí mi. Èmi ni,
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀, mo ń rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó jókòó tì mí fi ń wò mí. Ẹ̀yin náà lẹ fá irùngbọ̀n! Ẹ ṣeun tí ẹ gbà wọ́n láàyè.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí fíìmù yẹn. Wọn ò ní fi yín ṣe ẹlẹ́yà bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa nìyẹn, pé ká máa ṣọ́ bí tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn ṣe ń lo àwọn aláìsàn àti àwọn tálákà. A kọ òfin kan tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yòówù tó bá gba owó lọ́wọ́ wa gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Tiwa nílé ti fọwọ́ sí i. Èmi gan-an wà lára àwọn tó kọ ọ́. Mo ń rò yín bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹ gbọ́, ta ló ń bá yín yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò báyìí? Dígí tí ẹ máa ń gbé sílẹ̀ fi wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, ṣé ẹ ṣì ń lò ó? "Ẹsẹ̀ ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe" kì í ṣe ìdáhùn o, Bàbá. Mo mọ̀ yín. Tí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ sọ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ má fi okùn bàtà dì í.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìwé yìí kò ní gùn torí inú mi ò dùn.

Wọ́n gbé fíìmù náà jáde lánàá. Gbogbo wa pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn níbi tí tẹlifíṣọ̀n wà. Ìyá Oníbùrẹ́dì tún lọ yá ìborùn yẹn, bí ẹni pé àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n á rí òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo rí ṣọ́ọ̀bù mi, mo rí àga mi, mo rí ẹ̀wù mi. Mi ò rí ojú mi. Kùrukùru ni wọ́n fi bo ojú gbogbo wa, bí ìgbà tí omi bá dà sórí íńkì. Ohùn mi ń jáde láti inú kùrukùru. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ ọ́, ọmọ mi, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ jáde láìsí ojú.

Ìyá Oníbùrẹ́dì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé olè ni wá ni?" Torí olè nìkan ni a máa ń rí tí wọ́n ń bo ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, olè àti òkú.

Wàyí o, wọ́n bo ojú, wọn ò bo ọwọ́. Wọ́n sún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ mi, kùkùté ìka mi kún ojú tẹlifíṣọ̀n, èyí tó mú abẹ́rẹ́ àti èyí tí kò lè mú un. Wọn ò pa ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣàlàyé mọ́ náà. Ó ní àwọn àgbà bọ̀, adẹ́tẹ̀ ò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè da á nù. Ó rò pé òun ń pàṣamọ̀. Èmi tí mò ń fi ọwọ́ yìí kan náà rán bàtà tó ṣeé ṣe kó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀!

Òwúrọ̀ yìí ni Ọ̀gá Bàtà kó gbogbo bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà wá. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dà wọ́n sí. Ó ní àwọn oníbàárà ti rí ọwọ́ tó ń rán an, wọ́n ní àwọn ò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo bi í pé, bí wọ́n bá rí ojú mi ńkọ́? Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fi fóònù pe obìnrin tó gbé kámẹ́rà wá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Obìnrin náà ní òun ò fẹ́ bo ojú ẹnikẹ́ni, pé òfin ẹgbẹ́ yín ló ní kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ti ní irú àrùn wa, wọn ò gbọdọ̀ fi ojú rẹ̀ hàn. Ìwọ lo sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ sí mi pé o wà lára àwọn tó kọ òfin yẹn.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan, má sì fi ọ̀rọ̀ dídùn dá mi lóhùn. Ṣé ojú mi ló ń tì ọ́?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi, Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ nìkan ò tó. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò lè jẹun láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé.

Rárá o. Kì í ṣe ìtìjú, ìbínú ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí, torí mi ò fẹ́ kó dùn yín.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́. Ní ibùdókọ̀ tí mo ti ń wọlé, wọ́n lẹ àwòrán gàgàrà kan mọ́ ògiri, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ń tọrọ owó. Ẹ̀yin lẹ wà nínú rẹ̀, Bàbá. Ẹ tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ya ọwọ́ yẹn tóbi ju orí yín lọ. Èmi kékeré jókòó lórí itan yín, imú mi ń yọ. Obìnrin àgọ́ kan dúró lẹ́yìn, ó gbé abọ́ sí ìbàdí. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí àwọn èèyàn ṣàánú wa.

Àràárọ̀ ni mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń jẹ búrẹ́dì níwájú ọwọ́ bàbá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi bírò ya irùngbọ̀n sí mi lójú. Ta ló béèrè lọ́wọ́ yín? Ẹni kan ya ìyà yín, ó gbé e lọ, ó ń fi ṣòwò fún bí ogún ọdún, ẹ̀yin ò sì mọ̀! Mo búra pé lójú ayé mi, ẹnikẹ́ni ò ní fi ojú yín ṣe nǹkan kan mọ́. Ìdí tí mo fi wọ ẹgbẹ́ yìí nìyẹn. Òfin bíbo ojú yẹn, ìdí nìyẹn. A jà títí ẹgbẹ́ aláàánú yẹn fi yọ àwòrán náà kúrò lára ògiri, tí wọ́n sì pa gbogbo irú rẹ̀ rẹ́.

A ò rántí ọwọ́. Lóòótọ́, a ò rántí. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lórí ọwọ́ àti lórí òwe rádaràda yẹn. Ojú yín kò tì mí rí. Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo gbọ́. Mo gbà pé kì í ṣe ìtìjú. Ìyẹn ti kúrò láàárín wa. Wọ́n fi ọwọ́ mi tọrọ owó, ó burú, mi ò sì rí nínú owó náà. Mi ò bá ọ jiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n o bi mí pé ta ló béèrè. Wọ́n béèrè. O wà ní kékeré nígbà náà, o ò lè mọ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni, ó ń làágùn bí ẹni tó sáré. Ó ní ṣé kí òun yà wá. Mo fẹ́ kọ̀. Ìyá rẹ ló ní kí n jẹ́ kó yà wá, ó ní ẹnikẹ́ni ò ya òun rí láyé òun. Ó sáré lọ bọ́jú. Nígbà tó fi máa dé, ọkùnrin yẹn ti ń yà, ìyá rẹ wá dúró lẹ́yìn wa, ó fara ti òpó, abọ́ tó fi bọ́jú ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní òun á mú fọ́tò náà wá fún wa. A wojú ọ̀nà títí. Ìyá rẹ wojú ọ̀nà jù mí lọ. Kò dé títí ìyá rẹ fi kú, kó o tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. O mọ̀ pé fọ́tò rẹ̀ kankan ò sí nílé yìí.

Obìnrin àgọ́ tó o ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ yẹn, ìyá rẹ ni.

Wọn ò lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọ̀kan á wà níbì kan. Wá a fún mi, kó o fi ránṣẹ́. Mi ò tọrọ nǹkan míì lọ́wọ́ rẹ rí, àbí mo tọrọ?

Bàbá rẹ.


Ogúnjọ́, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ṣé o gba ìwé mi? Àwọn tó ń pín lẹ́tà ti kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò yà lọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kí n jẹ́ kí òun pè ọ́ lórí fóònù, mo ní rárá, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.

Bó o bá ń ṣàìsàn, sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ohun tó o rí ló ń bà ọ́ lẹ́rù láti sọ, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mi ò ṣàìsàn. Mo ń wá a ni, nígbà tí mo sì rí ibi tí ọ̀rọ̀ dé, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláàánú yẹn. Wọ́n fi mí jókòó dáadáa, wọ́n fún mi ní tíì. Wọ́n ní àwọn ti pa á rẹ́ pátápátá bí a ṣe ní kí àwọn ṣe, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó wà lórí bébà, gbogbo rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo la àwọn lójú. Mo béèrè ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn, wọ́n ní ó ti di olóògbé. Mo lọ bẹ àwọn tó ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri ibùdókọ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, Bàbá, ọ̀dọ̀ tiwa ló wà. Nígbà tí à ń jà, a tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi han àwọn aṣòfin pé irú àwòrán báyìí kò dára. A fi àwòrán yẹn síwájú ìwé náà. Ṣùgbọ́n òfin wa ni òfin wa. Ká tó tẹ̀ ẹ́, a bo ojú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ bo tiyín, mo bo tèmi, mo wá dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó gbé abọ́. Mo rántí pé mo ń kánjú, torí ọ̀gá wa ń dúró dè mí.

Ọwọ́ mi ni mo fi bo ojú ìyá mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fojú rí i láràárọ̀ lára ògiri, mi ò mọ ìyá tó bí mi. Áà, Bàbá, kí ni mo ṣe yìí?

Mo gé àwòrán náà kúrò nínú ìwé yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa fẹ́ rí i bó ṣe wà. Mo fi í sínú àpòòwé kékeré inú lẹ́tà yìí, mo sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pinnu bóyá ẹ máa ṣí i.

Ohun míì rèé. Ìgbìmọ̀ tó ń tún òfin rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe máa jókòó nílé lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa kọ ọ̀rọ̀ wá lórúkọ àwọn ará àgọ́. Tí ẹ bá gbà, màá kọ ọ́ fún yín, kí ẹnì kan kà á níbẹ̀. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé òfin tiwa ò dára tó. Ó ní a ò lè yí òfin padà torí ẹnì kan. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ẹnì kan.

Ọmọ yín tó ṣe aṣìṣe.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo ka ìwé rẹ, mo gbé àpòòwé kékeré yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí, mi ò ṣí i. Inú bí mi sí ọ. Kí n má fi ọ̀rọ̀ pamọ́, inú bí mi gan-an. Mo ń lu awọ, mo ń bá ọ jà nínú ọkàn mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè dáhùn.

Lórí ìgbìmọ̀, mo ní kí Nọ́ọ̀sì Àgbà ránṣẹ́ sí wọn pé ẹnikẹ́ni ò ní ka nǹkan kan lórúkọ wa. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi àti Ìyá Oníbùrẹ́dì la lọ. Ọlọ́kọ̀ méjì kọ̀, wọn ò gbé wa. Ẹ̀kẹta gbé wa, ó ní ká jókòó sẹ́yìn. A jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn, ọmọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà dé èjìká sáré wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, a máa bo ojú yín." Mo ní, "Ọmọ mi, mo fá irùngbọ̀n wá síbí."

Alága wọn bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òfin sọ. Mo ní kó sọ pé kí wọ́n bi wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bo ojú òun, torí ọmọ rẹ̀ tàbí torí iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n bò ó. Irú wọn wà nínú àgọ́, mi ò bá wọn wí. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí wọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n bi wá kí wọ́n tó sún mọ́ ọwọ́ wa náà. Bí wọ́n bá sì ya èèyàn, kí wọ́n mú fọ́tò náà padà wá fún un. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó. Ìyá Oníbùrẹ́dì ló bá mi parí rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ débi pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó jókòó.

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá wọ́n á fi sínú òfin, bóyá wọ́n á fi di ẹ̀pà, mi ò mọ̀. Àmọ́ wọ́n fi ojú mi hàn nínú ìròyìn. Ọ̀gá Bàtà kò padà wá, kí ó máa lọ. Awakọ̀ kan ti wá, àti olùkọ́ obìnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Olùkọ́ yẹn na ọwọ́ láti bọ̀ mí lọ́wọ́, kò sì fà á sẹ́yìn. Èèyàn méjì kò tó èèyàn tí Ọ̀gá Bàtà ń tà fún. Èmi ni wọ́n wá bá, èyí tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ tí a ti ìgbìmọ̀ dé ni mo ṣí àpòòwé. Lóòótọ́, o bo ojú rẹ̀ dáadáa. Kùrukùru ni. Ṣùgbọ́n o ò bo ìdúró rẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, bó ṣe fi èjìká ti òpó bí ẹni tó ni òpó. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìbínú mi tán níbẹ̀, má dá ara rẹ lẹ́bi mọ́.

Mo ti gbé e kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè obìnrin tí kò lójú yìí. Mo ń sọ fún wọn: bí ojú rẹ̀ ṣe rí, bó ṣe ń dí ojú kan bó bá fẹ́ parọ́, eyín tó yọ síwájú, gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ ti bi mí. Olùkọ́ ti bi mí. Ọmọ tó ń gbé gọ́ọ̀mù wá ti bi mí.

Ìwọ nìkan ni o kò tíì bi mí.

Bàbá rẹ.